Ìwé Tó Wà Nínú Ilẹ̀kùn Kọ́ńtírólù

Ọjọ́bọ̀, Odogunyan, Ìkòròdú.

Mílíìn CNC àtijọ́ yẹn, ẹ̀rọ tó ń gé irin tí kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní kọ́ńtírólù ń darí, ti ń ṣiṣẹ́ padà. Bọ́ọ̀dù tó gbé ọpọlọ kọ́ńtírólù rẹ̀ la pààrọ̀ lónìí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń kí mi kú iṣẹ́ bọ́ọ̀dù, mo sì ń dáhùn, àmọ́ ká sọ tòótọ́, bọ́ọ̀dù kọ́ ló gbà wá. Ìwé tí Bàbá, àgbà òṣìṣẹ́ wa, fi sínú ilẹ̀kùn kọ́ńtírólù nígbà tó ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ ló gbà wá.

Japan ni wọ́n ti ṣe ẹ̀rọ náà, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Ó ju ọmọ iṣẹ́ mi lọ lọ́jọ́ orí dáadáa. Àwọn kan ti ní kí Alhaji, ọ̀gá wa tó ni ẹ̀rọ, tà á fún àwọn oníirin àlòkù, n kò sì gbà fún wọn. Irin rẹ̀ ṣì le koko, tábìlì rẹ̀ ṣì ń lọ geere lójú ọ̀nà rẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń gé mọ́ọ̀dù ike fún àwọn ilé iṣẹ́ ojú ọ̀nà Ṣàgámù kò yẹ kó ti ara bọ́ọ̀dù kan kú.

Àmì ìkìlọ̀ 920 ló ń yọ lójú skríìnì. Nínú kọ́ńtírólù yìí, ẹ̀yà kan wà tó ń retí kí ọpọlọ máa ta á lólobó ní gbogbo ìgbà pé òun ṣì wà láàyè. Bí ọpọlọ bá pẹ́ kó tó ta á lólobó, á gé iná gbogbo mọ́tọ̀, 920 á sì yọ. Ó sì dáa bẹ́ẹ̀, torí ẹ̀rọ tí ọpọlọ rẹ̀ ti dákú tí mọ́tọ̀ rẹ̀ ṣì ń yí, ọwọ́ èèyàn ló lè bá lọ.

Kí n tó dá bọ́ọ̀dù lẹ́bi, mo fi mítà wọn iná tó ń jẹ. Fóòtì 5 rẹ̀ kò gbọdọ̀ wá sí ìsàlẹ̀ 4.75, kò sì gbọdọ̀ kọjá 5.25. Tiwa jẹ́ 5.02, iná fóòtì 24 náà pé. Ẹni tí kò bá wọn ìyẹn kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé bọ́ọ̀dù ti kú, èrò tèmi nìyẹn. Páwà tí kò yó ni àìsàn ọ̀pọ̀ bọ́ọ̀dù tí mo ti rí tí wọ́n jù sẹ́yìn ilé.

Àlòkù ni èyí tí a rà, láti Jámánì. Nọ́ńbà rẹ̀ bá tiwa mu dé lẹ́tà tó kẹ́yìn. Síbẹ̀, bí ìyàwó tuntun ló ṣe wọlé, kò tíì mọ ibi tí wọ́n ń gbé iyọ̀ sí. Kò mọ ibi tí X, ọ̀kan lára ọ̀nà mẹ́ta (X, Y, Z) tí ẹ̀rọ ń gbà rìn, gbọdọ̀ dúró, kò mọ bí mọ́tọ̀ Z ṣe ń yí sí, kò mọ̀ pé a ní apá tó ń pààrọ̀ irin gígé. Pàrámítà, àwọn nọ́ńbà ìtọ́ni ẹ̀rọ, ló ń sọ gbogbo ìyẹn fún un, inú mẹ́mọ́rì tí bátìrì ń bọ́ sì ni pàrámítà ń gbé. Níwọ̀n bí bọ́ọ̀dù àtijọ́ kò ti jí mọ́, kò sí wáyà tí a lè fi fà á jáde. Ìwé tí Bàbá kọ wọ́n sí nìkan ló kù.

A ya fọ́tò gbogbo wáyà, a lẹ nọ́ńbà mọ́ wọn. Ọyẹ́ ń fẹ́, ara èèyàn sì ń mú iná, nítorí náà mo fi okùn ọwọ́ so ara mi mọ́ irin àpótí kí n tó fọwọ́ kan ohunkóhun. Mo yọ EPROM, àwọn ṣíìpù tó ń tọ́jú ètò, láti ara bọ́ọ̀dù àtijọ́ sára ti tuntun. Àwọn wọ̀nyí ní fèrèsé gíláàsì kékeré lórí, a sì gbọ́dọ̀ fi bébà bò ó, torí iná ultraviolet ló ń pa ohun tó wà nínú wọn rẹ́. Inú wọn ni ètò tí ẹni tó kan ẹ̀rọ náà kọ wà: ilẹ̀kùn, omi ìtutù, apá. Mo wo ibi tí gígé kékeré orí wọn kọjú sí lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá ki wọn bọ̀ lódìlódì á jó wọn.

Nígbà tí iná wọlé, mo di bọ́tìnì RESET àti DELETE mú pọ̀ láti nu ohun àtijọ́ tó bá bọ́ọ̀dù dé kúrò nínú mẹ́mọ́rì. Mo sọ PWE, àṣẹ tó ń jẹ́ ká lè kọ pàrámítà, di 1, àmì ìkìlọ̀ 100 yọ, ọmọ iṣẹ́ mi bẹ́ sẹ́yìn. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn, kò sí nǹkan kan.

Ibẹ̀ ni iṣẹ́ tó gba ọ̀sán wa ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ ń kà, èmi ń tẹ̀, Bàbá ń fi pẹ́ńsùlù tẹ̀lé e. Bàbá ti fẹ̀yìn tì, a ránṣẹ́ pè é ni. A gbé àga fún un, kò jókòó. Àwọn pàrámítà kan jẹ́ nọ́ńbà lásán, àwọn kan jẹ́ òdo àti ení mẹ́jọ lórí ìlà, ọmọ náà sì ń kà á bí ẹni ń ké ewì: òdo, òdo, ení, òdo.

"Má sáré, ìwọ ọmọ yìí. Tún un kà."

"Ẹ má bínú, Bàbá."

Nígbà tí a dé 900 sókè, Bàbá ní kí a dúró mumi ná. Àwọn yẹn ló ń ṣí ohun tí ẹni tó ra ẹ̀rọ sanwó fún. Ení kan tó bá di òdo níbẹ̀, iṣẹ́ kan ti pòórá lára ẹ̀rọ nìyẹn.

Mo fi ìyára sí ibi tó kéré jù, mo gbé ọwọ́ lé bọ́tìnì pupa, mo rọra sún X. Ó lọ síbi tó yẹ. Y, Z, wọ́n lọ. A wá ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń kà sí ilé, a tún ibi tí apá ti ń pàdé spindle, ọ̀pá tó ń yí irin gígé, ṣe. Nígbà tí mo fi dial gauge, aago ìwọ̀n kékeré, wo àyè tó wà láàárín skúrù X àti nọ́ọ̀tì rẹ̀, ìwé Bàbá ní kí kọ́ńtírólù fi máíkírọ́ọ̀nù 18 (ìdá ẹgbẹ̀rún mílímítà) dí i, àmọ́ 9 ṣì ṣẹ́kù tí kò bò. Skúrù ti jẹ láti ìgbà yẹn. Mo tẹ 27. Bàbá kọ 27 àti déètì òní sí ẹ̀gbẹ́ 18, kò pa 18 rẹ́.

"Jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀, Ẹnjiníà. Ẹni tó ń bọ̀ á mọ bí irin ṣe ń jẹ."

Lẹ́yìn náà la fi wáyà RS-232, èyí tó ń so ẹ̀rọ pọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà, fà gbogbo pàrámítà sínú láptọ́ọ̀pù. Fáìlì tó pé máa ń fi àmì % bẹ̀rẹ̀, á sì fi % parí. Bí % ìkẹyìn kò bá sí, kò pé. Bátìrì tọ́ọ̀ṣì ńláńlá mẹ́ta ló ń bọ́ mẹ́mọ́rì, a fi tuntun sí i nígbà tí iná ṣì wà lára kọ́ńtírólù. Ẹni tó bá paná kó tó yọ wọn á tún jókòó ti òdo àti ení.

Alhaji béèrè bóyá iṣẹ́ mọ́ọ̀dù lè wọlé lọ́la. Mo ní ó lè wọlé, àmọ́ lẹ́ẹ̀tì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni mo kọ́kọ́ fẹ́ kó pàrámítà rẹ̀ jáde. Irú kọ́ńtírólù kan náà ni, kò sì sí déètì lára àpótí bátìrì rẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kó di ìparí oṣù. Mo ní rárá, láàárọ̀.