Bíréèkì iwájú lórí yangí: ọ̀rọ̀ fún ẹ̀yin àbúrò tó ń gun kẹ̀kẹ́ lọ́nà oko

Ẹ̀yin àbúrò mi, ẹ kú ewu ọ̀nà. Ọgbẹ́ kan náà ni mò ń rí lára yín ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn: àtẹ́lẹwọ́ á bó, ìgbọ̀nwọ́ á ya, ìbàdí á wú. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà yangí kò ní béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀. Ibi tí ọ̀nà ti ń dà gẹ̀rẹ́ tó sì tún ní kọ́nà ni, ọwọ́ sì ti wà lórí bíréèkì iwájú.

Ẹ ti mọ bí wọ́n ṣe ń yí gíà, ẹ ti ní akoto, n kò ní padà síbẹ̀. Ohun márùn-ún ni mo fẹ́ sọ fún ẹni tó bá ń gun mountain bike, kẹ̀kẹ́ táyà ńlá tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà gbágungbàgun, lórí àwọn ọ̀nà oko tó ya kúrò lára títì Ìséyìn sí Ṣakí, àti irú wọn gbogbo.

Èkíní, afẹ́fẹ́ táyà. Nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára táyà, bíi 50 tàbí 65 psi (psi ni wọ́n fi ń wọn bí afẹ́fẹ́ inú táyà ṣe le tó), òpin ohun tí táyà lè gbà ni, kì í ṣe iye tí ẹ ó fún un. Ẹni tó wọn kílò 70, tí táyà rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 2.25 tí túùbù sì wà nínú rẹ̀, kí ó fi 25 sí 28 psi sí iwájú, 28 sí 32 sí ẹ̀yìn. Ọ̀kadà àti mọ́tò ni fọkanáísà ń fún ní afẹ́fẹ́ láti àárọ̀ ṣúlẹ̀. Tiyín náà, á fún un títí yóò fi le bí òkúta. Táyà tó le bẹ́ẹ̀ kì í lẹ̀ mọ́lẹ̀, ńṣe ló ń ta pọ́n-ún pọ́n-ún lórí òkúta. Bó bá sì rọ̀ jù, ríìmù á fún túùbù mọ́ òkúta, ihò méjì á lu ú lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú eyín ejò. Ẹ ra pọ́ǹpù tó ní géèjì tiyín. Ẹ tún wo fáàfù yín: ẹnu ẹ̀rọ fọkanáísà kò bá èyí tó tẹ́ẹ́rẹ́, tí wọ́n ń pè ní Presta, mu. Irin kékeré kan wà tí wọ́n ń yí mọ́ ọn lórí kí ó lè gbà á. Kí ó máa wà nínú àpò yín.

Èkejì ni bíréèkì.

Yangí kì í ṣe iyanrìn, kì í sì í ṣe òkúta tí wọ́n fi ẹ̀rọ fọ́. Bí mọ́tò bá ti ń tẹ̀ ẹ́, ojú ilẹ̀ á le gbagidi, àwọn wóró pupa roboto tó tó ẹ̀wà á sì máa yí gbirigbiri lórí rẹ̀. Ẹ da ẹ̀wà gbígbẹ sórí sìmẹ́ǹtì, kí ẹ fi bàtà tẹ̀ ẹ́, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Láti Oṣù Kọkànlá títí di Oṣù Kẹta, òjò kì í sábà rọ̀ tí yóò dì wọ́n mọ́lẹ̀. Táyà mọ́tò á gbá wọn sí àárín ọ̀nà àti sí etí rẹ̀, wọn á wọ́ jọ sí ẹ̀gbẹ́ ìta kọ́nà, níbi tí eré máa ń gbé kẹ̀kẹ́ lọ gan-an.

Bí ìṣubú náà ṣe ń rí rèé. Kẹ̀kẹ́ ń sọ̀ kalẹ̀ ní bíi kìlómítà 35 ní wákàtí. Ẹni tó gùn ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í yà kó tó mọ̀ pé eré ti pọ̀ jù. Ẹ̀rù bà á, ó fa bíréèkì iwájú. Iṣẹ́ méjì ló já lé táyà iwájú léjìká lẹ́ẹ̀kan náà: kó dín eré kù, kó sì yí kẹ̀kẹ́. Ìwọ̀nba tó fi di ilẹ̀ mú lórí wóró tó ń yí kò tó pín sí méjì. Táyà á há, kò ní yí mọ́, á yọ̀, háńdù kò sì ní já mọ́ nǹkan kan mọ́. Bí ẹ̀yìn bá yọ̀, ẹ ṣì lè gbà á padà. Iwájú kì í fúnni láyè. Ọwọ́ lẹni náà kọ́kọ́ nà sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí àtẹ́lẹwọ́ fi ń bó.

Bí ẹ bá padà lọ wo ojú ibẹ̀, ilẹ̀ á sọ fún yín. Ẹ ó rí eyín táyà tó tẹ̀ sínú eruku dáadáa, lẹ́yìn rẹ̀ ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó mọ́ foo, tí kò ní ojú eyín kankan, lẹ́yìn ìyẹn ibi tí ara ti ha ilẹ̀. Ibi tí ìlà mímọ́ yẹn ti bẹ̀rẹ̀ ni táyà ti há.

Ohun tó ń bí mi nínú ni àwọn tó ń sọ fún yín pé kí ẹ má fọwọ́ kan bíréèkì iwájú rárá. Irọ́ ńlá ni. Bí kẹ̀kẹ́ bá ń dín eré kù, iwájú ni ẹrù máa ń ṣí lọ, òun ló sì lè ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídúró. Ẹni tó bá gbẹ́kẹ̀ lé ti ẹ̀yìn nìkan, á máa yọ̀ lọ ni títí kọ́nà yóò fi dé bá a, bóyá tirélà tó kó iṣu ń bọ̀ lódì kejì. Iwájú ò lẹ́bi. Àsìkò tí ẹ ń fà á ló lẹ́bi.

Kí ẹ tó dé kọ́nà, nígbà tí kẹ̀kẹ́ ṣì dúró ṣánṣán, ẹ gbé ìdí kúrò lórí síìtì, ẹ fà á sẹ́yìn díẹ̀. Kí pẹ́dà méjèèjì wà ní ìbú, kí ìgbọ̀nwọ́ tẹ̀, ìka kan péré lórí bíréèkì kọ̀ọ̀kan. Ẹ rọra máa fún méjèèjì bí ẹni ń fún ọsàn, títí eré yóò fi kéré ju èyí tí ẹ rò pé ó yẹ. Ẹ wá tú wọn sílẹ̀ pátápátá, kí ẹ tó yà. Pẹ́dà ẹ̀gbẹ́ ìta á wá sísàlẹ̀, ẹ ó fi ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ dáadáa. Kẹ̀kẹ́ ni kó dagun, kì í ṣe yín. Ibi tí táyà mọ́tò ti gbá mọ́ ni kí ẹ tọ̀, kí ojú yín sì wà níbi tí ẹ ó gbà jáde. Bí iwájú bá fẹ́ há, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, bí ara tilẹ̀ ń sọ pé kí ẹ fún un mọ́ra. Ẹ wá gẹ̀rẹ́ tí kò ní kọ́nà, ẹ máa fi eré kìlómítà 10 sí 15 kọ́ ọ, ní ogún ìgbà ó kéré tán, títí ìka yín yóò fi mọ ibi tí táyà ti fẹ́ há.

Àwọn mẹ́ta tó kù kò gùn. Ẹ má fi ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì sí ṣéènì nígbà ọyẹ́. Eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa lọ̀ ọ́ bí ọlọ. Òróró ṣéènì tó máa ń gbẹ ni kí ẹ rà, ẹ̀kán kan sí ojú kọ̀ọ̀kan, kí ẹ nu ìyókù kúrò. Ẹ fi rúlà wọn ṣéènì náà: láti pín-ìn kan tó so ojú rẹ̀ pọ̀, ìkẹrìnlélógún lẹ́yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ bọ́ sí ínṣì 12 gẹ́lẹ́. Bó bá ti fi 1/16 ínṣì kọjá, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kó tó jẹ eyín gíà yín.

Níbi tí ọ̀nà bá ti rí bí páànù, ẹ má di háńdù pinpin. Ẹ yí gíà kó wúwo díẹ̀, ẹ gbé ìdí sókè, ẹ máa wa lọ.

Irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ a sì máa tú nọ́ọ̀tì. Ẹ máa yẹ àwọn tó di háńdù mú wò kí ẹ tó jáde; iye tí ẹ ó fún wọn dé wà lára irin náà, ó sábà máa ń jẹ́ bíi 5 Nm (Nm ni wọ́n fi ń wọn agbára tí a fi ń yí nọ́ọ̀tì). Lẹ́yìn náà, ẹ fa bíréèkì iwájú, ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú sẹ́yìn. Bí ẹ bá gbọ́ kọ̀, kọ̀, lọ́rùn háńdù, ẹ má gbé e jáde lọ́jọ́ náà.