Mo Rí Ìwé Òpó Sagredo, Ṣùgbọ́n Wọ́n Rẹ́ Mi Jẹ ní Toledo

Kí n tó sọ ti ìwé, ẹ jẹ́ kí n sọ ti oúnjẹ, torí inú ṣì ń bí mi. Yúrò 31 ni ilé oúnjẹ kan nítòsí kàtídírà Toledo, ní orílẹ̀-èdè Sípéènì, gbà lọ́wọ́ èmi nìkan! Àwo carcamusas kan ṣoṣo ni mo ní kí wọ́n gbé wá, ìyẹn ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi tòmátì sè, pẹ̀lú omi. Bí mo ṣe jókòó báyìí, ọkùnrin tó ń gbé oúnjẹ ti kó búrẹ́dì àti èso ólífì síwájú mi, ó rẹ́rìn-ín, ó lọ. Mo rò pé èènì ni. Nígbà tí ìwé owó dé, búrẹ́dì wà níbẹ̀, ólífì wà níbẹ̀, wọ́n tún gba owó pé ìta ni mo jókòó sí. Mo béèrè, ó nàka sí ìwé pélébé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Mo san án. Ẹ̀yin tí ẹ bá ń lọ, ẹ má fọwọ́ kan búrẹ́dì tí ẹ kò béèrè. Ibi tí wọ́n bá kọ "menú del día", ìyẹn oúnjẹ òòjọ́, sí ìta pẹ̀lú iye owó rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀.

Iṣẹ́ mi ni yíya àwòrán ilé, ọjọ́ sì pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ nípa Medidas del Romano, ìwé Diego de Sagredo. Toledo yìí ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ lọ́dún 1526. Kò sí ìwé kankan lórí ìkọ́lé àwọn ará Róòmù àtijọ́ tí wọ́n tẹ̀ lédè Sípéènì ṣáájú rẹ̀. Ní ilé ìkàwé kan ní Madrid, lánàá, mo fojú ara mi rí i.

Ìwé kékeré ni. Obìnrin tó gbé e wá rọra tẹ́ ẹ sórí tìmùtìmù, ó gba bírò lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní pẹ́ńsù. Bó ṣe ń fi sùúrù ṣí ewé rẹ̀ dùn mọ́ mi. Oṣù kan ṣáájú ni mo ti kọ̀wé sí wọn o. Ẹ má kàn gbéra lọ.

Sagredo kì í ṣe bíríkìlà, àlùfáà Ọbabìnrin Juana ni. Bí ìtàkùrọ̀sọ ló ṣe kọ ọ́: Tampeso ń ṣàlàyé, Picardo tó jẹ́ akunlé-kunwòrán ń béèrè. Ohun tí Vitruvius, ayàwòrán ilé ará Róòmù àtijọ́, fi èdè Látìn kọ, òun bù ú fún àwọn agbẹ́kùúta ní èdè tí wọ́n ń sọ nílé, kí wọ́n lè mọ bí a ṣe ń wọn ìdí òpó, ara òpó àti orí òpó. Ohun tó mú mi fẹ́ràn ọkùnrin yìí nìyẹn.

Àwòrán kan wà níbẹ̀ tí mi ò lè gbàgbé. Ìgbátí òkúta tó máa ń yọ síta lókè òpó ni wọ́n yà, wọ́n wá ya ojú ènìyàn tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí wa mọ́ ọn. Bí iwájú orí, imú, ẹnu àti àgbọ̀n ṣe tò léra ni ìgbátí náà ṣe tò. Sagredo ní gíga ènìyàn jẹ́ gígùn ojú rẹ̀ lọ́nà 9 àti ìdá kan nínú mẹ́ta. Lálẹ́, mo fi okùn bàtà wọn ojú ara mi nínú yàrá hòtẹ́ẹ̀lì.

Ìdí tí mo fi wọ rélùwéè lọ sí Toledo láàárọ̀ nìyẹn. Kò ju nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ. Mo fẹ́ rí i lára òkúta. Tìbínútìbínú ni mo fi kúrò nídìí oúnjẹ yẹn wọ Museo de Santa Cruz, ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí tó jẹ́ ilé ìwòsàn láyé àtijọ́. Àfi bí mo ṣe rí àtẹ̀gùn tí Alonso de Covarrubias, ayàwòrán ilé ayé ìgbà Sagredo, ṣe! Ara mi balẹ̀ wọ̀ọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí òpó kan, mo ń wo òrùka òkúta tó wú rùmú, èyí tí wọ́n ń pè ní bocel, mo sì ń yà á sínú ìwé mi. Ìdí òpó kẹta ni mo wà nígbà tí ẹ̀ṣọ́ wá sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ tilẹ̀kùn.