Ẹ Fi PlayStation Gan-an Dán Géèmù Yín Wò: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Ní Ọ̀sẹ̀ Ojúde Ọba

Ẹ̀yin tí ẹ ń kọ géèmù fún PlayStation àkọ́kọ́, ẹ má gbà kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bí géèmù bá ti ń ṣiṣẹ́ nínú emulator lórí kọ̀ǹpútà, iṣẹ́ ti parí. Emulator ń sín ẹ̀rọ náà jẹ ni, òun kọ́ ni ẹ̀rọ náà. Ọ̀rọ̀ yìí ṣì ń dùn mí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ báyìí kí ó tó tutù.

Ayò ọlọ́pọ́n ni mo kọ. Ilé 12, ọmọ ayò mẹ́rin mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, 48 lápapọ̀, bí a ṣe ń ta á nílé. Ohun tí mo fi kún un tí inú mi dùn sí jù ni ohùn ìyá mi àgbà, tí wọ́n ń fi ẹnu Ìjẹ̀bú ka iye ọmọ tí ènìyàn bá jẹ. PSn00bSDK ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà, ohun èlò ọ̀fẹ́ tí a kò ní láti tọrọ lọ́wọ́ Sony tí ó ṣe PlayStation. Àwọn tí ó ṣáájú wa kò rí irú rẹ̀. Net Yaroze, PlayStation dúdú tí Sony ta fún àwọn tí ń kọ géèmù nínú ilé ara wọn, tí ó dé Amẹ́ríkà àti Yúróòpù ní 1997, kò gba CD tí ènìyàn fúnra rẹ̀ kọ. Okùn ni wọ́n fi ń ti géèmù láti inú kọ̀ǹpútà wọ inú rẹ̀, gbogbo géèmù náà sì gbọ́dọ̀ gba inú RAM, ibi ìrántí tí ẹ̀rọ fi ń ṣiṣẹ́, tí kò ju MB 2 lọ. Àwa ní odidi CD láti lò, nítorí pé wọ́n ti fi chip, ẹ̀yà kékeré tí ń jẹ́ kí ẹ̀rọ gba CD tí a fúnra wa kọ, sínú ọ̀pọ̀ PlayStation tòkunbọ̀ tí ó dé ọ̀dọ̀ wa. Láìsí chip, ẹ̀rọ náà á wá àmì kan tí wọ́n fi pamọ́ sínú bí ojú ọ̀nà orí CD ojúlówó ṣe ń mì, ẹ̀rọ tí a fi ń kọ CD nílé kò sì lè ṣe àmì yẹn.

Ṣàgámù ni mo ń gbé. Ìjẹ̀bú-Òde, ní ilé ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ni PlayStation kan ṣoṣo tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ nínú ẹbí wa wà. Ọjọ́ kejì Iléyá ni gbogbo wa péjọ síbẹ̀, Ojúde Ọba ku ọ̀la. Wọ́n ti lọ aṣọ ẹgbẹ́ wọn, wọ́n fi kọ́ sára ilẹ̀kùn. Àwọn ìyàwó ilé wà lẹ́yìn, wọ́n ń ro ìkọ́kọrẹ́. Bàbá àgbà gbé àga wọn sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. Ìyá àgbà ti wé gèlè, wọ́n jókòó síwájú gbogbo ènìyàn, nítorí pé wọ́n fẹ́ gbọ́ ohùn ara wọn.

Mo fi CD sí i. Ojú funfun Sony jáde, orin rẹ̀ dún. Ojú dúdú tí ó ní àmì PS jáde tẹ̀lé e, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ẹ̀rọ ti gba CD náà wọlé, mo sì mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà, òkùnkùn. Mo dúró. Mo ń gbọ́ bí CD ṣe ń yí nínú ẹ̀rọ, títí tí ìyẹn náà fi dákẹ́. Mo pa á, mo tàn án, bákan náà ni. Mo yọ CD, mo fi etí aṣọ mi nù ún, mo dá a padà, bákan náà ni. Bàbá bi mí pé, "Ṣé iná ni, ọmọ mi?" Mo ní, "Iná wà, sà." Ìyá àgbà wá béèrè pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé, "Níbo ni ohùn mi wà?" N kò rí èsì kankan fọ̀. Àbúrò mi kan ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká fi bọ́ọ̀lù sí i," ó fi géèmù bọ́ọ̀lù sí i, kíá ni ó sì ṣiṣẹ́, lórí ẹ̀rọ kan náà, lójú gbogbo ènìyàn. Bàbá dìde, wọ́n ní kí wọ́n lọ gbé ọpọ́n ayò gidi wá láti inú yàrá. Gbogbo ará ilé ń sọ fún mi pé "Pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́," ìyẹn gan-an ni ó dùn mí jù lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má wí pé n kò dán an wò. Mo dán an wò ní òru púpọ̀, mo ta ọwọ́ ọ̀ta, mo ta ọwọ́ òpè, emulator tí mo ń lò kò sì fi àṣìṣe kankan hàn mí rí.

Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ nìyí. R3000A tí ó jẹ́ ọpọlọ PlayStation kì í ka nọ́mbà tí ó gba báìtì (ẹyọ ìwọ̀n ìrántí) mẹ́rin àfi tí ibi tí nọ́mbà náà ti bẹ̀rẹ̀ nínú RAM bá ṣeé fi mẹ́rin pín láìṣẹ́kù. Fáìlì ìpele ayò mi ní báìtì kan ṣoṣo níwájú, nọ́mbà àwọn ilé ayò sì tẹ̀lé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, nítorí náà kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó bọ́ sí ibi tí ó yẹ. Nígbà tí ó dé ibẹ̀, ẹ̀rọ gidi dá iṣẹ́ dúró pátápátá. Emulator tèmi gbójú fò ó, ó kà á bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Mo padà sí Ṣàgámù, mo fi báìtì mẹ́ta dí àlàfo náà, mo sì kọ CD tuntun. Bàbá àgbà ti ta ayò náà, Ìyá àgbà ti gbọ́ ohùn wọn.

Ọ̀rọ̀ CD náà kò yàtọ̀ sí èyí. Inú kọ̀ǹpútà, ojú ẹsẹ̀ ni fáìlì máa ń dé, ṣùgbọ́n CD PlayStation kò lè gbé ju nǹkan bí KB 300 wá ní ìṣẹ́jú àáyá kan, lẹ́ńsì sì tún gbọ́dọ̀ rìn lọ sí ibi tí fáìlì wà. Bí mo bá fi ohùn Ìyá sílẹ̀ lórí CD, wọn ì bá máa kà lẹ́yìn tí ẹlòmíràn ti ta tán. Inú RAM KB 512 tí ó wà fún ohùn nìkan ni mo kó o sí, ó sì gbà á dáadáa. RAM pàápàá: àwọn emulator kan máa ń fi òdo kún un kí géèmù tó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n pàǹtírí ni ẹ máa bá nínú ti ẹ̀rọ gidi, ẹ fi òdo sí i fúnra yín. Ẹ wo iná náà kí ẹ tó fi wáyà sógiri, nítorí fólítì 100 ni ẹ̀rọ tí ó ti Japan wá ń lò.

N kò bú emulator o. PCSX-Redux dára gan-an fún ẹni tí ń kọ géèmù, ó ń jẹ́ kí a dá iṣẹ́ dúró láàárín kí a wo ohun tí ó wà nínú RAM, ó sì ní OpenBIOS tirẹ̀ tí a kò fi ní máa wá BIOS Sony, ètò tí ẹ̀rọ kọ́kọ́ fi ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, kiri. Ẹ lò ó lójoojúmọ́. Ṣùgbọ́n kí ẹ̀rọ gidi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín láti ìgbà tí géèmù yín kò tíì ju àwòrán kan lọ.

Ẹ má sì sọ pé CD ń ná yín lówó. Àwọn PlayStation ńlá, yàtọ̀ sí PSone kékeré ti 2000, ní ojú ihò serial lẹ́yìn, tí a lè fi wáyà so mọ́ kọ̀ǹpútà. Unirom, ètò kan tí a máa ń gbé sínú ẹ̀rọ náà, máa ń gba géèmù láti ibẹ̀ láìlo CD rárá. Láti 2021 ni FreePSXBoot sì ti wà, tí a lè fi gbé Unirom wọlé láti orí memory card nìkan. Nítorí náà, PlayStation ńlá tí lẹ́ńsì rẹ̀ ti kú, tí àwọn atúnṣe ń tà ní owó pọ́ọ́kú, ti tó láti fi dán iṣẹ́ wò. Irú rẹ̀ ni mo rà ní Ṣàgámù lẹ́yìn ọdún, kò lè ka CD kankan, òun ni mo sì fi ń dán gbogbo ohun tí mo bá kọ wò báyìí.