Owó Gbà-Má-Bínú Tí Èmi Náà Dá Sí

Tí o bá ti ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣáájú ọdún 2015, tí wọ́n sì ń yọ owó orí nínú owó oṣù rẹ, o ti dá sí owó gbà-má-bínú lórí ọ̀rọ̀ ẹrú. Má tíì yọ̀ o. Kì í ṣe àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú ni wọ́n san án fún. Àwọn tó ni wọ́n ló gbà á.

Ní 1833 ni ilé aṣòfin Gẹ̀ẹ́sì ṣòfin pé kí ẹrú níní dópin ní èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ wọn. Àwọn olówó ẹrú fárígá: owó làwọn fi ra ènìyàn, ta ni yóò dá a padà? Ìjọba bá ya £20 mílíọ̀nù sọ́tọ̀ fún wọn, owó tó tó nǹkan bí ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí ìjọba ń ná lọ́dún nígbà náà. Wọ́n yá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ní 1835, gbèsè náà sì ń wọ́ nílẹ̀ títí di 2015 kí wọ́n tó san án tán. Ilé iṣẹ́ ìṣúná wọn fúnra rẹ̀ ló fi fọ́nnu lórí Twitter ní 2018, pé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù ènìyàn ló fi owó orí wọn ṣèrànwọ́ láti fòpin sí òwò ẹrú. Nígbà tí ariwo pọ̀, wọ́n yọ ọ́ kúrò. Èmi ti kà á ná, inú mi ò sì tíì rọ̀ títí di òní.

Àwọn ẹrú ńkọ́? Kọ́bọ̀ ò kàn wọ́n. Wọ́n tún ní kí gbogbo ẹni tó ti pé ọmọ ọdún mẹ́fà ṣì máa sin olówó rẹ̀ lọ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọdún mélòó kan. Ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ ni wọ́n sọ wọ́n dà, bí ẹni pé ẹni tó ti ń gé ìrèké láti kékeré ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń gé e. 1838 ni ìyẹn tó kásẹ̀ nílẹ̀.

Yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù ti kó àkọsílẹ̀ owó náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹnikẹ́ni ló lè wá orúkọ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ti bá a ṣàìsùn ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí wọ́n ń ṣírò owó náà, ńṣe ni wọ́n to ènìyàn ní ìsọ̀rí ìsọ̀rí bí ìgbà tí aláte bá ń to ọjà: olórí òṣìṣẹ́, oníṣẹ́ ọwọ́, oníṣẹ́ oko, ọmọ tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà, arúgbó àti aláìsàn tí kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní iye tirẹ̀, iye náà sì yàtọ̀ láti erékùṣù kan sí èkejì. John Gladstone, bàbá William Gladstone tó ṣe olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì lẹ́ẹ̀mẹrin, gba £106,769 lórí ènìyàn 2,508. Àwọn àrọ́mọdọ́mọ rẹ̀ lọ sí Guyana ní 2023 láti lọ tọrọ àforíjì. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó gbowó ló ń gbé ní Marylebone, àdúgbò tí bọ́ọ̀sì mi máa ń gbà kọjá.

Nítorí náà, ẹni tó bá ń sọ fún mi pé ìṣirò owó gbà-má-bínú fún àrọ́mọdọ́mọ àwọn ẹrú ti le jù, pé ta la fẹ́ san án fún, mi ò kì í bá a jiyàn mọ́. Wọ́n ti ṣe ìṣirò náà rí. Wọ́n ṣe é dé orí ọmọ ọwọ́.

Aunty kan wà níbi iṣẹ́ wa tí wọ́n bí sí Jamaica. Tí àsìkò oúnjẹ bá tó, tí ọ̀rọ̀ yìí bá sì bẹ́ sílẹ̀, èmi ló máa kọjú sí: "Ìwọ ọmọ yìí, àwọn bàbá yín ló tà wá." Kí ni mo fẹ́ sọ? Irọ́ kọ́. Àwọn tó kó Àjàyí Crowther ní Òṣogùn ní 1821, aláwọ̀ dúdú bíi tirẹ̀ ni wọ́n, kó tó bọ́ sínú ọkọ̀ àwọn Potogí. (Brazil àti Cuba ni wọ́n kó èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn Yorùbá lọ, kì í ṣe Jamaica, àmọ́ ta ló fẹ́ fìyẹn gba ara rẹ̀ sílẹ̀ níwájú Aunty?) Ẹni tó ta ọmọ ọlọ́mọ jẹ̀bi. Ẹni tó rà á, tó lò ó gbó, tó tún gbowó lórí rẹ̀ nígbẹ̀yìn, ẹ̀bi tirẹ̀ ò torí ìyẹn dínkù.

Ó yà á lẹ́nu nígbà tí mo sọ ti MKO Abíọ́lá fún un. Òun ni alága ìgbìmọ̀ tí OAU, ìyẹn àjọ ìṣọ̀kan àwọn ilẹ̀ Áfíríkà nígbà náà, gbé kalẹ̀ ní 1992 láti béèrè owó gbà-má-bínú fún Áfíríkà àti àwọn ọmọ rẹ̀ lẹ́yìn odi. Wọ́n ṣe àpérò ńlá lórí rẹ̀ ní Àbújá ní oṣù kẹrin ọdún 1993. Lẹ́yìn náà ni June 12 dé, a sì mọ bó ṣe parí.

Àmọ́ ti Windrush (orúkọ ọkọ̀ ojú omi tó kó àwọn ará Caribbean wá sí Gẹ̀ẹ́sì) ló sún mọ́ Aunty jù. Àwọn èèyàn Caribbean tó ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì láti kékeré, wọ́n lé àwọn kan kúrò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n dá àwọn mìíràn padà sí ìlú tí wọn ò mọ̀ mọ́, torí pé wọn ò ní ìwé. Ìjọba tọrọ àforíjì, wọ́n dá ètò owó gbà-má-bínú sílẹ̀ ní 2019, wọ́n sì tún ń béèrè ìwé lọ́wọ́ àwọn tí àìní ìwé kó sí wàhálà. Nígbà tó fi máa di 2021, ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin kan sọ pé ènìyàn 23 ti kú láìrí owó wọn gbà.

Níbi ìpàdé àwọn ìlú Commonwealth ní Samoa ní 2024, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ owó gbà-má-bínú ò sí lára ohun tí àwọn bá wá. Síbẹ̀, ìwé tí gbogbo wọn fẹnu kò sí sọ pé àkókò ti tó láti jọ sọ ọ́. Tí wọ́n bá jókòó sọ ọ́ lóòótọ́, èrò tèmi ni pé kí àwa ọmọ Nàìjíríà tò sẹ́yìn. Àwọn ìlú CARICOM, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn ìlú Caribbean, ti kọ ohun mẹ́wàá tí wọ́n ń fẹ́ sílẹ̀ láti 2014, àforíjì gidi ló ṣáájú, fífagi lé gbèsè sì wà níbẹ̀. Kí wọ́n dá àwọn yẹn lóhùn ná. Mo sọ ọ́ fún Aunty bẹ́ẹ̀. Ó ní òun gbọ́, àmọ́ kí n kọ ọ́ sílẹ̀ kí n sì fọwọ́ sí i, torí ọmọ Nàìjíríà ni mí.