Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ nídìí ata ní Màléṣíà

Kí n tó lọ kàwé ní Kuala Lumpur, mo ti há nǹkan bí ogún gbólóhùn èdè Malay sórí. Ọ̀kan nínú wọn ni pé "awak" túmọ̀ sí "ìwọ". Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n ìwé tí mo fi kọ́ ọ kò sọ ẹni tí a kì í pè bẹ́ẹ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo débẹ̀, mo lọ ra ata wẹ́wẹ́ ní ọjà Chow Kit, mo sì bi ìyá kan, tí ó dàgbà ju ìyá tí ó bí mi lọ, pé, "Awak ada cili padi?", ìyẹn, "Ṣé ìwọ ní ata wẹ́wẹ́?" Ó wọn ata fún mi, ó gba owó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò túraká. Nígbà tí mo ròyìn fún ọmọ Malay tí a jọ ń gbé yàrá, ó ní a kì í pe àgbà ní "awak". Ẹni tí ó bá tó ìyá ẹni, "mak cik" ni; ẹni tí ó tó bàbá, "pak cik"; ẹ̀gbọ́n obìnrin ni "kak", ẹ̀gbọ́n ọkùnrin ni "bang"; orúkọ wọ̀nyí gan-an ni wọ́n sì ń fi rọ́pò "ìwọ" nínú ọ̀rọ̀. Ojú tì mí, èmi tí ìyá mi ti tìtorí "o" gbá létí rí! Nígbà tí mo padà lọ, "Mak cik, cili padi ada?" ni mo wí, ìyá náà rẹ́rìn-ín, ó wọn ata tán, ó sì bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e. Bí wọn kò tilẹ̀ mọ̀ ọ́n lórúkọ, ènì ni.

Ní ilé oúnjẹ mamak, tí àwọn Mùsùlùmí ọmọ Tamil, ẹ̀yà kan tí ó ti Íńdíà wá, ń tà, "boss" ni tọmọdé tàgbà ń pe ẹni tí ń gbé oúnjẹ. Ẹni tí ó bá gbọ́ Tamil díẹ̀ a pè é ní "anne", ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Bí ẹ bá ní "teh" lásán níbẹ̀, tíì onímílíìkì tí ó dùn rinrin ni wọn yóò gbé wá. "Teh o" kò ní mílíìkì. "Teh o kosong" kò ní mílíìkì, kò sì ní ṣúgà, nítorí òfìfo ni "kosong". Bí ẹ bá fẹ́ gbé oúnjẹ lọ sílé, ẹ ní "tapau", ọ̀rọ̀ láti inú Cantonese, ọ̀kan nínú àwọn èdè Ṣáínà, tí gbogbo ìlú ti sọ di tiwọn.

Bí ọjọ́ orí obìnrin kan kò bá dá yín lójú, "kak" ni kí ẹ lò, nítorí àwọn kan wà tí wọn kò tíì ṣetán láti di mak cik ẹnikẹ́ni.