Mo fẹsẹ̀ rin ẹ̀ṣẹ̀ Èkó

Ẹ má bá mi jà lórí àkọlé yẹn, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi dápàárá lórí WhatsApp, mo kàn jí i ni. Sátidé tó kọjá, àwa mẹ́sàn-án la pàdé lábẹ́ bíríìjì Apọ́ngbọ̀n ní aago méje àbọ̀ àárọ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tó máa ń mú èèyàn rìn káàkiri Ìsàlẹ̀ Èkó ló pè wá, ó ní lọ́tẹ̀ yìí òun ò mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé Àgùdà, ibi tí ọwọ́ Èkó ti dọ̀tí lòun fẹ́ mú wa gbà. Ẹgbẹ̀rún márùn-ún lórí, transfer ni o, kò gba káàṣì. Ẹnì kan bi í bóyá ó máa fún wa ní rìsíìtì, ó ní ṣé a wá rìn ni àbí a wá ṣe audit. Láti ibẹ̀ ni mo ti fẹ́ràn rẹ̀.

Màmá mi ti kìlọ̀ fún mi láti alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú pé kí n má gbé báàgì, kí n má wọ ẹ̀gbà ọrùn, fóònù ńkọ́, àyà ni kí n kì í bọ̀. Bí ẹni tó ń lọ sójú ogun. Mo gbọ́ràn lórí ti fóònù, mi ò gbọ́ràn lórí ti bàtà, mo wọ sáńdà tuntun, ẹ máa gbọ́ bó ṣe parí.

Apọ́ngbọ̀n tí a dúró sí yẹn, orúkọ èèyàn ni. McCoskry, oníṣòwò òyìnbó onírùngbọ̀n pupa, a-pọ́n-ní-rùngbọ̀n, òun ló wà nípò kọ́ńsù, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó lọ́wọ́ Ọba Dòsùnmú ní 1861. Láti ibẹ̀ a rìn wọ Breadfruit. Gbogbo ará Èkó ló ti gbọ́ ìtàn yẹn, pé abẹ́ igi breadfruit tó wà níbẹ̀ ni wọ́n ti ń so ẹrú mọ́lẹ̀ kí ọkọ̀ tó dé. Ṣọ́ọ̀ṣì St. Paul's ló wà níbẹ̀ báyìí, àwọn tó ń ta léèsì àti bàtà sì ti gba gbogbo ẹ̀bá títì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri ni ìyá kan ti ń bu ẹ̀wà àgànyìn, ata rẹ̀ dúdú bí epo ẹ́ńjìnnì, mẹ́ta nínú wa ò gbọ́ ohun tí ẹ̀gbọ́n ń sọ mọ́.

Ohun tó ń sọ ni pé òwò ẹrú ò bo ara rẹ̀ nígbà yẹn. Kò sí pé ẹnì kan ń yọ́ ọ ṣe lóru. Ọba mọ̀, ìjòyè mọ̀, àwọn ará Brazil tó ń rà á mọ̀, kálukú ló ń gba tiẹ̀. Ìgbà tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì wá yìnbọn sí Èkó ní December 1851, Ọba Kòsọ́kọ́ sá lọ sí Ẹ̀pẹ́, wọ́n dá Akíntóyè, ọba tó wà ṣáájú rẹ̀, padà sórí oyè, ní ọjọ́ kìíní ọdún 1852 wọ́n fọwọ́ sí ìwé pé kò sí òwò ẹrú mọ́. Ó dáa. Ta ló wá ń ru epo pupa tí wọ́n fi rọ́pò rẹ̀ wá sétí omi? Ẹrú náà ni, àwọn tí wọn ò rí tà sókè òkun mọ́. Mi ò tíì rò ó báyẹn rí.

Ká má pẹ́ ẹ sọ, a dé Ìta Tinúbú. Ẹfúnróyè Tinúbú, ìyá olówó, ó ta iyọ̀, ó ta tábà, ó ta ìbọn, ó ta èèyàn. Kọ́ńsù Campbell àti àwọn tó fara mọ́ ọn lé e kúrò l'Ékòó ní 1856, ó kó lọ sí Abẹ́òkúta, ibẹ̀ ló ti di Ìyálóde Ẹ̀gbá nígbà tó yá. Lónìí, gbàgede tó wà láàárín ìlú ló ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, pẹ̀lú omi tó ń tú sókè láàárín rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dúró, ó nà ìka sí omi náà, ó ní, "Ẹ máa kíyè sí ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ títì àti ẹni tí wọ́n jù sẹ́wọ̀n." Kò tún sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn ló ń yí lórí mi títí a fi parí.

Olúwọlé ò jìnnà síbẹ̀. Ẹ̀yin tí wọ́n bí lẹ́yìn 2000, ẹ bi àwọn ẹ̀gbọ́n yín. Ìwé ìrìnnà, sátífíkéètì WAEC, ìwé bánkì, sítáǹpù ilé iṣẹ́ èyíkéyìí tó bá wù ẹ́, kí o tó jẹ búrẹ́dì kan tán wọ́n ti bá ẹ ṣe ayédèrú rẹ̀. Ó gbajúmọ̀ débi pé orúkọ àdúgbò di orúkọ ọjà, bí ẹnì kan bá ní "Olúwọlé ni ìwé yẹn", ọ̀rọ̀ ti tán. Ìjọba ti tún ibẹ̀ kọ́, ó ti di ṣọ́ọ̀bù alájà. Ọ̀gbẹ́ni kan láàárín wa, àgbà èèyàn o, ó dákẹ́ gan-an níbẹ̀ yẹn, a ò bi í ní ìbéèrè kankan.

Ibi tó dùn mọ́ mi jù ni Customs Street. Títì kékeré ni, ẹ lè gba ibẹ̀ kọjá nígbà igba kẹ́ ẹ má wò ó lẹ́ẹ̀kan, ilé Stock Exchange ló gbà á kan. Ẹ̀gbọ́n ní òun ò ní sọ nǹkan kan nípa tẹ́tẹ́ níwájú ilé yẹn. Ọ̀rọ̀ jíìnì ló bá dé. Láti Rotterdam àti Hamburg ni wọ́n ti ń kó o wá, nínú ìgò aláwọ̀ ewé onígun mẹ́rin, irú ìgò ṣìnápù tí bàbá ìyàwó ṣì ń gbà lọ́jọ́ ìdána títí dòní. Àpótí lórí àpótí. Gbogbo èyí tó bá sì sọ̀kalẹ̀, kọ́sítọ́ọ̀mù á gba tiwọn. Kí ogun àgbáyé àkọ́kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, owó tí wọ́n ń gbà lórí ọtí líle tó bí ìdajì gbogbo owó tó ń wọlé fún ìjọba Southern Nigeria. Ìdajì o! Owó oṣù àjẹ́lẹ̀, bíríkì ọ́fíìsì, ọtí ló ń san án. Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell pariwo títí ohùn fẹ́rẹ̀ẹ́ há, pé ọtí yìí ń ba àwọn èèyàn jẹ́, ìjọba wá gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀ ní 1909, ìgbìmọ̀ jókòó, wọ́n gbọ́ ẹjọ́, wọ́n ní àwọn ò rí ẹ̀rí pé ọtí ń ba ará ilẹ̀ yìí jẹ́. Wọ́n á ṣe rí i? Ṣebí oúnjẹ ẹnu wọn ni.

Ìgbà tó wá di 1919, àwọn ìjọba òyìnbó ṣèpàdé ní Saint-Germain nítòsí Paris, wọ́n ní kí jíìnì olówó pọ́ọ́kú má wọ Áfíríkà mọ́. Èyí tó ṣì ń wọlé di ọ̀wọ́n. Nígbà tí owó kòkó àti epo wá já wálẹ̀ ní àwọn ọdún 1930, àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í se tiwọn. Ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé rẹ̀ bí ẹni tó ti débẹ̀ rí: wọ́n á jẹ́ kí ẹmu kan dáadáa, wọ́n á dà á sínú dírọ́ọ̀mù, wọ́n á dáná sábẹ́ rẹ̀, páìpù kan á gba inú omi tútù kọjá, ooru tó bá gba inú páìpù yẹn á di omi, ohun tó bá ń kán tó-tó-tó lẹ́nu rẹ̀ ni ògógóró. Ohun tí wọ́n ń ṣe ní Rotterdam náà nìyẹn, àfi pé èyí ò gba iwájú kọ́sítọ́ọ̀mù. Wéré, ó di ẹ̀ṣẹ̀. Ọlọ́pàá ń fọ́ ìkòkò, wọ́n ń kó ìyá arúgbó lọ sílé ẹjọ́. Ìgbìmọ̀ tí ò rí ẹ̀rí lọ́jọ́sí, ojú ti là wàyí.

A jáde sí Marina, oòrùn ti ń ta. Omi ọ̀sà ló ń ṣan ẹsẹ̀ títì yìí tẹ́lẹ̀ kí wọ́n tó da yanrìn tì í sẹ́yìn, torí náà bí ẹ bá fẹ́ rí wáàfù àtijọ́, ojú inú lẹ máa fi rí i, mọ́tò ló wà níbẹ̀ báyìí. Nígbà ogun Hítílà, Èkó kún fọ́fọ́ fún sójà àti atukọ̀ láti ibi gbogbo, owó wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò mọ ọ̀nà. Àwọn ọmọkùnrin kan á wá dúró lẹ́nu wáàfù, ṣẹ́ẹ̀tì funfun, òyìnbó díẹ̀ lẹ́nu, wọ́n á mú atukọ̀ lọ síbi ọtí, láti ibi ọtí wọ́n á mú un dé ọ̀dọ̀ obìnrin, wọ́n á gba tiwọn lọ́wọ́ atukọ̀, wọ́n á tún gba tiwọn lọ́wọ́ obìnrin. Boma Boys ni ìwé ìròyìn ń pè wọ́n. Àwọn jàgùdà tún yàtọ̀, tiwọn ni kí wọ́n fọwọ́ yọ́ bọ àpò èèyàn. Ní 1941 ìjọba ṣòfin torí àwọn Boma Boys yìí: ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣe amọ̀nà fún àlejò láìní láísẹ́ńsì.

Gbogbo wa yíjú sí ẹ̀gbọ́n. Ó ní ká jẹ́ ká máa lọ, oòrùn ti mú.

Ní ti àwọn obìnrin, inú bí mi díẹ̀. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀, aṣẹ́wó, owó nìkan ló wà nínú rẹ̀, kò sí ọkùnrin níbẹ̀. Bó ṣe rí lójú òfin náà nìyẹn. Sójà ń kó àrùn, ẹ̀rù ń ba àwọn ọ̀gá ológun, obìnrin ni wọ́n ń kó. Láti ibẹ̀ ni wọ́n ti bọ́ sórí àwọn ọmọbìnrin tó ń kiri ọjà, wọ́n ní ìkiri ló ń sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀, nígbà tó fi máa di 1946 wọ́n ti ní ọmọ tí kò bá tíì pé 14 ò gbọdọ̀ kiri l'Ékòó. Ẹni tí ìyá rẹ̀ ń jẹun lórí ìgbá ẹ̀pà yẹn, kò sẹ́ni tó bi í pé kí lo máa jẹ.

Broad Street ni bàtà mi ti já. Wò ó, okùn rẹ̀ kàn fò ni, mo ń wọ́ ẹsẹ̀ bí ẹni tí wọ́n dì ní ṣẹkẹṣẹkẹ̀ títí a fi rí mállàm kan tó ń rán bàtà, igba náírà ló fẹ́ gbà tẹ́lẹ̀, ìgbà tó rí ojú mi ó di ẹẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bí mo ṣe wọ Freedom Park nìyẹn, ẹsẹ̀ kan ń dun mí. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Broad Street ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Amọ̀ àti koríko ni wọ́n kọ́kọ́ fi kọ́ ọ ní 1882, ó jóná, wọ́n wá kó bíríkì wá láti ìlú òyìnbó ní 1885 láti tún un kọ́. Herbert Macaulay ṣẹ̀wọ̀n lẹ́ẹ̀mejì, ní 1913 àti 1928, Awólọ́wọ̀ náà dé ibẹ̀. Àwọn olókìkí la máa ń dárúkọ, ṣùgbọ́n ta ló kún inú rẹ̀ jù? Olè adìyẹ, onígbèsè, ìyá ológógóró, ọmọ wáàfù. Ní 2010 ni wọ́n ṣí i gẹ́gẹ́ bí ọgbà ìgbafẹ́. Níbi tí wọ́n ti ń so èèyàn rọ̀, pèpéle ni wọ́n ṣe síbẹ̀, wọ́n ń fi ìlù dán ẹ̀rọ wò nígbà tí a dé. Àwọn yàrá ẹ̀wọ̀n ti di ìsọ̀ kéékèèké. Mo wọ ọ̀kan, mo na apá mi méjèèjì, ó kù díẹ̀ kí ìka mi kan ògiri lọ́tùn-ún lósì. Ọmọbìnrin tó ni ìsọ̀ ń ta yẹtí, ó ní, "Àǹtí, ẹ ra méjì." Mo rà á.

TBS, ìyẹn Tafawa Balewa Square, la parí rẹ̀ sí, lábẹ́ àwọn ẹṣin funfun ńláńlá ẹnu géètì. Pápá eré ẹṣin ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, àwọn gbajúmọ̀ á de fìlà, wọ́n á ta tẹ́tẹ́ lórí ẹṣin, ìgbafẹ́ ni wọ́n ń pè é, àwọn ọmọ ìta tó ń ta kálòkálò ni ọlọ́pàá ń lé. Ẹ̀gbọ́n fẹ́ ká wọ kẹ̀kẹ́ dé Bar Beach, níbi tí wọ́n ti yìnbọn pa Oyènúsì adigunjalè àti àwọn mẹ́fà mìíràn ní September 1971 níwájú èrò rẹpẹtẹ, Eko Atlantic ló wà lórí ilẹ̀ náà báyìí. Ẹsẹ̀ mi ní rárá.

Láfíàjì ni mo yà sí, ọ̀dọ̀ àbúrò bàbá màmá mi, ìyá náà ti lé ní 85, gbogbo wa ń pè wọ́n ní Màmá Láfíàjì. Mo kúnlẹ̀, wọ́n bu omi fún mi, mo ń ròyìn. Mo dé orí Boma Boys, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín, wọ́n nàka sí fọ́tò kan lára ògiri, àbúrò bàbá wọn ni, Bọ̀ọ̀dá Wáàfù, kóòtù funfun, ẹsẹ̀ kan lórí àpótí. Láti kékeré la ti ń gbọ́ pé ó ṣiṣẹ́ ní wáàfù, pé ó tilẹ̀ lọ sí Sẹkọ́ńdì ní Ghana fún oṣù mẹ́fà nígbà ogun.

"Sẹkọ́ńdì kẹ̀?" ni Màmá wí. "Broad Street ibí yìí ló wà. Ìyá mi ló ń gbé ẹ̀kọ lọ fún un. Ó máa ń mú bisikíìtì inú ọkọ̀ wá fún wa, inú agolo, òun ló san owó ilé ìwé bàbá màmá rẹ."

Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ wí. Mo ń wo fọ́tò náà, bàtà rẹ̀ ń dán.

Màmá gbé ife kúrò lọ́wọ́ mi. "Ẹni tó wá mú yín kiri lónìí yìí," wọ́n ní, "ṣé ó ní láísẹ́ńsì?"