Edé kílò 15 tí mo fi kọ́gbọ́n

Edé tútù àti akàn ni mo ń tà. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń rà wọ́n, ní ìdájí, kí oòrùn tó mú. Lọ́dún tí mo bẹ̀rẹ̀, oníbàárà mi kan tó máa ń se oúnjẹ òde ní kí n bá òun wá edé ńláńlá kílò 15 fún ìgbéyàwó. Ọjọ́rú ni mo rí i rà. Ó mọ́, ó ń dán, irùngbọ̀n rẹ̀ kò tíì já. Mo dà á sínú ọ̀rá ńlá méjì, mo di ẹnu wọn, mo rọ́ wọn sínú fìrísà, mo lọ sùn.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, obìnrin náà ránṣẹ́ pè mí. Ó ti da edé náà sórí asẹ́ kó lè yọ́, ó gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú tó ro sínú abọ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé etí. Orí edé ti dúdú, dúdú ọ̀hún sì ti ń ràn bọ̀ lọ́rùn. Ó mú ẹyọ kan, ó fi àtàńpàkò tẹ̀ ẹ́, ẹran rẹ̀ fọ́ bí ẹ̀kọ tí kò dì. Ó ní, "Ṣé èyí ni kí n gbé síwájú àlejò?" Mo dá owó rẹ̀ padà, mo bẹ̀ ẹ́. Oorun kò kùn mí lóru ọjọ́ náà.

Nígbà tí mo padà sí Olúwo, mo ro ẹjọ́ mi fún ìyá Ìlàjẹ kan tí mo máa ń ra ọjà lọ́wọ́ wọn. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n kàn bi mí pé, "Ọmọ mi, ìgbà wo ni àárín ọ̀rá yẹn tó dì?" Mi ò lè dáhùn.

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà. Omi inú ẹran edé ló ń dì. Tó bá yára dì, yìnyín inú rẹ̀ á kéré, á kúnná. Tó bá ń falẹ̀, yìnyín á tóbi, á máa fa ẹran náà ya láti inú, tó bá wá yọ́, kò ní lè di omi ara rẹ̀ mú mọ́. Láàárín ìwọ̀n Celsius −1 sí −5 ni ọ̀pọ̀ jù lọ omi náà ti ń dì, kò sì yẹ kí edé pẹ́ níbẹ̀. Àárín ọ̀rá mi ti pẹ́ níbẹ̀ jù.

Ti dúdú orí rẹ̀ ńkọ́? Ohun tó ń sọ iṣu tí a bó sílẹ̀ di dúdú náà ni. Èròjà kan tí wọ́n ń pè ní ẹ́ńsáìmù wà lára edé, tí afẹ́fẹ́ máa ń ru sókè, òun ló ń sọ ọ́ di dúdú. Òtútù ò pa á, ó kàn ń dẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ ni. Inú orí náà ni oje tó ń da oúnjẹ edé wà, bí edé bá sì ti kú, oje yẹn á kọjú sí ẹran rẹ̀.

Nítorí náà, kúlà tó kún fún yìnyín ni mo ń gbé lọ sọ́jà báyìí. Tí mo bá délé, mo máa ń gé orí rẹ̀ kúrò (omi ọbẹ̀ ni mo ń fi orí sè), mo fi omi tútù ṣàn án, mo jẹ́ kó ro dáadáa. Ààbọ̀ kílò ni mo ń dì sọ́rá kan, mo tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ bí ìwé, mo tẹ afẹ́fẹ́ jáde, mo tò wọ́n kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fara kan ògiri fìrísà. Mi ò ń kó wọn lé ara wọn àfi tí wọ́n bá ti le. Tí wọ́n bá le, mo tú wọn, mo rì wọ́n bọ omi yìnyín wéré, mo dá wọn padà. Aṣọ yìnyín tó bò wọ́n yẹn ni kì í jẹ́ kí òtútù fa ara wọn gbẹ kó funfun.

Akàn yàtọ̀. Tí a bá fi í dì ní tútù, ẹran rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ ìkarahun, á di omi. Mo máa ń sè é kó jinná, kó tutù, kó tó wọ fìrísà. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ fún edé o! Edé tí a sè ká tó fi dì máa ń le bí rọ́bà.

Iná ọba ni ọ̀tá wa tó kù. Tí iná bá lọ, fìrísà tó ti dúró sí −18, tó kún, tí ẹnikẹ́ni ò ṣí, lè mú òtútù rẹ̀ dání fún nǹkan bí ọjọ́ méjì. Tó bá jẹ́ ààbọ̀, ọjọ́ kan ni. Gbogbo ìgbà tí edé bá yọ́ díẹ̀ tó tún dì, àwọn yìnyín kéékèèké á para pọ̀ di ńlá, a tún padà sí ọ̀rọ̀ abọ́ obìnrin yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fún àwọn ọmọ ilé.

Kí n tó ta ẹrù kankan fún alásè báyìí, mo máa ń mú ọ̀rá kan, mo gbé e sínú fíríìjì mọ́jú kó yọ́ níbẹ̀, mo dà á sórí asẹ́, mo gbé abọ́ sábẹ́. Tí omi rẹ̀ bá ju ṣíbí díẹ̀ lọ, tí kò sì rùn, orí ààrò ni ẹrù náà ń lọ, mo máa yan án di edé gbígbẹ.